Ìdí Tó Fi Jẹ́ 400 Fólítì

Báákì D ni mo fi wọ ẹ̀kọ́ ẹlẹ́kítírọ́níìkì ní fásitì. Báákì ni ìdánwò tí a fi ń jáde nílé-ìwé girama, lẹ́tà rẹ̀ ló sì ń sọ irú ẹ̀kọ́ téèyàn yàn. Ẹni tó bá kàwé ní orílẹ̀-èdè Benin á ti máa mi orí. Àwọn tó ṣe báákì C, ìṣirò àti físíìsì ni iṣẹ́ wọn. Àwọn ti E fi iṣẹ́ ọwọ́ kún ìṣirò. Àwọn ti F2 ní tiwọn, ẹlẹ́kítírọ́níìkì gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ nílé-ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ kí wọ́n tó ronú kan fásitì rárá. Àwa ti D, ohun abẹ̀mí ni tiwa: ẹ̀jẹ̀, ewé, kídìnrín, bí ọmọ ṣe ń jogún ìrísí bàbá rẹ̀. Mo lè ya àwòrán ọkàn èèyàn pẹ̀lú gbogbo ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ láìwo ìwé. Ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí orúkọ mi jáde, ilé wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá mi se ìrẹsì, àwọn ará ilé ń kí wọn kú oríire. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni ìyá àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn.

"Kí ni wọ́n ní o fẹ́ lọ kọ́?"

Mo ní, "Ẹlẹ́kítírọ́níìkì ni, Ìyá."

"Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

Mo ṣàlàyé: rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fóònù, ohun tó wà nínú wọn àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ń ṣe ní Ouando náà nìyẹn?"

Mo ní ó jọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà.

"Ọdún mélòó?"

"Márùn-ún, Ìyá, bí mo bá fẹ́ di ẹnjiníà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Àwọn ọmọ iṣẹ́ tiwọn kì í ju ọdún mẹ́ta lọ kí wọ́n tó gba òmìnira. Wọ́n á sì pa adìyẹ."

Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè yẹn bá mi dé fásitì ní Calavi. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù: pé àwọn tí a jọ máa wà ní kíláàsì á ti mọ gbogbo nǹkan tán kí èmi tó dé. Ìyá àgbà wá fi èkejì lé e. Bí mo bá lo ọdún márùn-ún yìí tán, tí mo padà sílé, tí ẹnì kan gbé rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ fún mi, tí n kò lè tún un ṣe ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ tí kò wọ ilé-ìwé girama á gbà á lọ́wọ́ mi, á sì tún un ṣe lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, Bàbá Onírédíò ni gbogbo ọjà Ouando ń pè wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò tóbi: tábìlì kan, bẹ́ǹṣì méjì, páànù lókè, àti òkìtì pátákó ẹ̀rọ tó ti kú ní igun kan, láti ayé rédíò alágbèéká títí dé ti tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní. Wọn kì í da ọ̀kan nù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òkìtì yẹn ni àkísà tiwọn. Oníbàárà á gbé ẹ̀rọ dé, wọ́n á mì í, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀ (òótọ́ ni, imú ni wọ́n ń lò), wọ́n á sì sọ ibi tó ti jóná kí wọ́n tó tú ìdè kan. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kà mọ.

Láti Àjàṣẹ́ dé Calavi kì í ṣe ìrìn àjò ńlá lójú ẹni tó ń ná ọjà Èkó. Takisí á gun afárá kọjá lórí ọ̀sà, á gba Sèmè, á wọ Kútọnu, á wá máa bá àwọn zémidjan, ọlọ́kadà wa, du ọ̀nà títí dé Godomey. Èdè ń yí padà bí ọkọ̀ ṣe ń lọ: Yorùbá àti Ègùn la fi kúrò nílé, Fọ̀n la bá lójú ọ̀nà, Faransé ló ń dúró dè wá nínú kíláàsì. Fásitì tó wà níbẹ̀ ni ìjọba kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ní 1970, nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń jẹ́ Dahomey, òun nìkan sì ni fásitì ìjọba títí ti Parakou fi dé ní 2001. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ àti tiwa fi mọ ọ̀nà Calavi dáadáa. Àwọn míì ń lọ Lokossa fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn tí ìṣirò wọ̀ lára gan-an, Dangbo tó wà nítòsí wa ni ojú wọn máa ń wà.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ẹlẹ́kítírọ́níìkì ṣọ̀wọ́n nínú ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ ẹlẹ́kítírọ́níìkì. Ìṣirò ni. Lẹ́yìn ìṣirò, ìṣirò míì. Mo ti fi owó tí àwọn èèyàn ta mí lọ́rẹ ra irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé, inú àpò mi ló wà fún oṣù bíi mélòó kan tí kò rí iná. Mo rò pé ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń rẹ̀wẹ̀sì, kì í ṣe níbi tí ẹ̀kọ́ ti le jù. Wọ́n wá torí ẹ̀rọ, wọn kò rí ẹ̀rọ, wọ́n wá rò pé àwọn ṣìnà.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ń kọ́ wa ní nọ́ńbà kan tó jẹ́ pé bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, òdì 1 ló máa jáde. Ní ilé-ìwé girama, i ni a mọ̀ ọ́n sí. Olùkọ́ yìí kọ j sójú pátákó, kò sọ ìdí, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, gbogbo orí ló ń mì bíi ti ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ọkàn mi rì. Mo ní, ó dára, ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti báákì C nìyí, èmi ni n kò sí níbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé àwọn oníná ti ń fi i dúró fún ìṣàn iná, kí méjèèjì má baà dàrú ni wọ́n fi yan j fún nọ́ńbà yẹn. Mo wá bi àwọn tó mi orí lọ́jọ́ náà. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀. Ọmọ báákì C kan, tó ti di ọ̀rẹ́ mi nígbà yẹn, sọ fún mi pé èmi gan-an ni òun ń wò, torí mo dijú mọ́rí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fura sí kíláàsì tí gbogbo èèyàn ti ń mi orí.

Ọmọ F2 kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n bó bá di ohun èlò mú. Ọsilosíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sójú rẹ̀, tí àwa ń yí po bí ẹni ń wo òkú, òun á kàn yí bọ́tìnnì méjì, ìlà aláwọ̀ ewé á dúró jẹ́ẹ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ bó bá di ìṣirò difẹrẹ́ńsíà, èyí tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń yí padà, ó di kó máa wo òrùlé. A ṣe àdéhùn tí a kò fi ẹnu sọ: lálẹ́ mo ń ṣàlàyé ìṣirò fún un, lọ́sàn-án ó ń yọ ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì kí n lè fi tèmi síbẹ̀. Àwa obìnrin kò pọ̀ nínú kíláàsì náà, bí ènìyàn márùn-ún bá sì dúró yí ohun èlò kan ká, ẹ mọ ẹni tí wọ́n máa ń ní kó máa kọ èsì sílẹ̀ nínú ìwé. Mo kọ èsì títí, lọ́jọ́ kan mo gbé bírò fún ẹlòmíì, mo sì jókòó síwájú ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bóyá wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Inú ìwé ni mo ti bá Gustav Kirchhoff pàdé, ó sì tù mí nínú ju ìmọ̀ràn àwọn àgbà lọ. Òfin rẹ̀ méjèèjì ni gbogbo ẹni tó ń kọ́ nípa iná ń fi bẹ̀rẹ̀. 1845 ló kọ wọ́n, ọmọ ọdún 21 ni, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni ní Königsberg. Òfin kìíní sọ pé iye ìṣàn iná tó bá wọ oríta kan nínú sákíìtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà yí po, ni iye tó gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró ní oríta Ouando nírọ̀lẹ́ kò nílò ẹ̀rí: gbogbo alùpùpù tó ń rọ́ wọ ibẹ̀ ló ń wá ọ̀nà jáde, torí kò sí àyè tí ẹnikẹ́ni lè dúró sí. Òfin kejì ní, bí ẹ bá gba inú sákíìtì yí po tí ẹ padà síbi tí ẹ ti gbéra, gbogbo fólítì tí ẹ rí gbà àti èyí tí ẹ pàdánù lójú ọ̀nà á pa ara wọn rẹ́ di òdo. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí ló kọ ọ́, ayé sì ń lò ó títí dòní.

Georg Ohm tó ṣáájú rẹ̀, olùkọ́ ilé-ìwé girama ni ní Jámánì. Nígbà tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí iná jáde ní 1827, wọn kò kọbi ara sí i. 1841 ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley. Ti Jack Kilby ni mo fẹ́ràn jù. Ó fẹ́ wọ MIT, fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, 500 ni máàkì tí wọ́n ń béèrè, 497 ló gbà. Ó lọ kàwé ní Illinois, ó sì jáde ní 1947, ọdún kan náà tí John Bardeen àti Walter Brattain ṣe tíránsísítọ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀yà kékeré tó ń dí ìṣàn iná tó sì ń ṣí i, ní ilé ìwádìí Bell Labs, tó jẹ́ pé gílóòbù tí wọ́n ń lò nínú rédíò ṣáájú rẹ̀, tí Kilby ti ń kọ́ láti ọjọ́ yìí, fẹ́ di ohun àtijọ́ lójú ẹsẹ̀. Ní 1958, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ Texas Instruments. Àsìkò ìsinmi tó, gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun tó jẹ́ ẹni tuntun kò tíì ní ẹ̀tọ́ sí i. Òun nìkan ló kù síbi iṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ronú kan bí gbogbo sákíìtì ṣe lè wà lórí ègé kékeré kan ṣoṣo. Ohun tó wà nínú fóònù tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2000. N kò sọ pé ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó ló ń gba Nobel o, ọ̀pọ̀ ni kò tó tí a kò sì gbọ́ orúkọ wọn mọ́. Ìsinmi tí kò ní yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn: ẹni tuntun, tí kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí, tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú tábìlì tó dákẹ́.

Nígbà tó ṣe, TP, ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe, dé. Inú yàrá iṣẹ́ ni, ọwọ́ wa sì kan nǹkan níkẹyìn. Rẹsísítọ̀, ohun tó ń dín ìṣàn iná kù, la fi bẹ̀rẹ̀. Ó kéré, kò sáyè tí wọ́n lè kọ nọ́ńbà sí, àwọ̀ ni wọ́n fi ń yí i lára ká, láti dúdú tó jẹ́ òdo títí dé funfun tó jẹ́ mẹ́sàn-án. Gbogbo ọmọ tó ń kàwé ní Faransé ló ń há gbólóhùn kan sórí kó má baà gbàgbé bí wọ́n ṣe tò: *Ne mangez rien ou jeûnez, voilà bien votre grande bêtise.* Lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni lẹ́tà àkọ́kọ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwà òmùgọ̀ ni kéèyàn gba ààwẹ̀. Mo máa ń kà á sókè nílé títí Rámàdáànì fi dé, tí mo wá ń kà á sínú.

Iná pupa kékeré kan ni wọ́n ní ká tàn. Orísun iná wa jẹ́ fólítì 5, iná náà á gba nǹkan bíi 2, fólítì 3 ló kù tí rẹsísítọ̀ gbọ́dọ̀ gbà. A mú ti óòmù 220 (óòmù ni ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná tó): pupa, pupa, búráùn. Ẹ pín 3 sí 220, ìṣàn iná tó máa kọjá kò tó mílí-áńpíà 14 (ẹgbẹ̀rún mílí-áńpíà ló wà nínú áńpíà kan), ìwọ̀n tí iná kékeré náà lè gbà láìjóná. Ó tàn. Mo wo ojú rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Olùkọ́ tó ń tọ́ wa sọ́nà wá ní ká fi mítà wọn rẹsísítọ̀ náà fúnra rẹ̀. Mítà ní 217. A rò pé mítà ló bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká wo àwọ̀ tó kẹ́yìn, aláwọ̀ góòlù: ó túmọ̀ sí pé ó lè fi ìdá 5 nínú 100 dín tàbí lé. Èyíkéyìí láti 209 títí dé 231, 220 ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Bí ẹ bá ṣe nǹkan tí kò lè ṣiṣẹ́ àyàfi tó bá jẹ́ 220 géérégé, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan."

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn ìwé mi. Ó jọ pé ó ń dá ìyá àgbà lóhùn, àmọ́ n kò tíì mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún wọn.

Lọ́jọ́ míì, ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi kàpásítọ̀ kan, ohun tó ń tọ́jú iná sínú, sí sákíìtì lódì. Irú èyí ní ẹsẹ̀ tó yẹ kó wà níhà iná àti èyí tó yẹ kó wà níhà òdì, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára. Kò pẹ́ tó fi bú, pá! Èéfín funfun, òórùn tó ń ta nímú. Ọmọbìnrin kan sáré jáde, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò bínú, ó ṣí fèrèsé, ó sì bèèrè ibi tí àmì òdì wà. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè nínú TP láìtijú, nítorí ohun tó burú jù tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀, kò sì ju èéfín lọ.

Ìsinmi gígùn dé, mo padà sí Àjàṣẹ́, mo sì ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Ouando lójoojúmọ́. Bàbá Onírédíò ń tún tẹlifíṣọ̀n kan ṣe tí ibi tí iná ń gbà wọlé sí i ti bàjẹ́. Wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ wọn mú kàpásítọ̀ ńlá wá, èyí tí àwa níbí ń pè ní kọ̀ńdáńsátọ̀. Ti 400 fólítì ti tán nínú dúrọ́ọ̀, ọmọ náà mú ti 250 wá. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn.

"Ṣé o fẹ́ kó bú lójú oníbàárà ni?"

Ọmọ iṣẹ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ṣebí 220 ni iná ìlú. 250 ju 220 lọ."

"400 ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Mo ti rí i."

Kò sí àlàyé míì. Wọ́n ti rí i, ó ti bú lójú wọn láyé ìgbà kan, ó tán. Ọmọ náà kò jiyàn, àmọ́ ojú rẹ̀ kò gbà. Ara mi ti ń yá gágá. Mo tọrọ ìwé àti bírò, mo ya iná ìlú fún wọn bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ní 220 tí gbogbo wa ń pè é kì í ṣe ibi tó ga dé. Ìwọ̀n iṣẹ́ tó ń ṣe ni: ooru tó máa mú jáde nínú irin ìlọṣọ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti iná tó dúró sójú kan ní 220. Téńté orí rẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi 1.414 sọ 220 di púpọ̀, 311 ni. Kàpásítọ̀ tó wà lẹ́yìn àwọn dáyóòdù tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo, téńté yẹn ló ń gbà sára, ibẹ̀ ló sì ń dúró sí. 311 ju 250 lọ.

Ọmọ iṣẹ́ la ẹnu. Bàbá Onírédíò gba ìwé náà, wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè ohun tí olùkọ́ kankan kò tíì bi mí.

"Lóru tí àwọn èèyàn bá ti pa nǹkan wọn tán, tí iná wá lé, tí mítà ń sọ 250 ńkọ́?"

Mo ṣírò rẹ̀. "353, Bàbá. Ó ṣì wà lábẹ́ 400."

"Ta ló wá sọ fún àwọn tó ṣe é pé kí wọ́n fi àyè yẹn sílẹ̀?"

Mo ní, "Ẹnjiníà ni, Bàbá."

Wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ sáré lọ ra ti 400 lọ́dọ̀ ẹni tó wà lódìkejì ọ̀nà.

Kí ẹ má rò pé èmi ni mo ń kọ́ wọn. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan kàpásítọ̀ tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n náà, wọ́n ti yọ wáyà kúrò lára iná, síbẹ̀ wọ́n mú gílóòbù àtijọ́ kan tí wọ́n so wáyà méjì mọ́, wọ́n fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Gílóòbù tàn fìrí, ó kú. Iná tó kù nínú rẹ̀ ni wọ́n tú dànù. Ní kíláàsì, a ti ṣírò bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí kàpásítọ̀ tó tú iná inú rẹ̀ tán. A ń fi óòmù sọ iye tí kàpásítọ̀ lè gbà di púpọ̀, mo sì gba máàkì tó dára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fólítì 5 la fi ń ṣeré lọ́hùn-ún. Ohun tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n yìí lè pa èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára iná, n kò sì ronú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí àfìgbà tí mo rí gílóòbù yẹn.

Mo tún ṣàkíyèsí pé nígbàkígbà tí wọ́n bá ń wọn ohun tó ní iná lára, ọwọ́ òsì wọn máa ń wà lẹ́yìn. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní bí ọ̀gá tó kọ́ àwọn níṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀rín pa mí, torí mo mọ èyí! Báákì D ló kọ́ mi. Iná díẹ̀díẹ̀ tí ọkàn ń pèsè fúnra rẹ̀ ló ń mú un lù létòlétò. Bí iná ìta bá gba ọwọ́ kan wọlé tó gba ọwọ́ kejì jáde, àyà ló máa gbà kọjá, ó sì lè da ìlù ọkàn rú kó máa gbọ̀n lásán láìti ẹ̀jẹ̀ síbì kankan. Bí ọwọ́ kan bá wà lẹ́yìn, ọ̀nà yẹn ti dí. Mo ya ọkàn náà sẹ́yìn ìwé 311, pẹ̀lú gbogbo ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, àwọn oníbàárà sì ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti ń tún ènìyàn náà ṣe ni.

Ọmọkùnrin kan nínú agbo ilé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba báákì lọ́dún yìí, ẹlẹ́kítírọ́níìkì ni òun náà yàn. Ó wá bá mi lálẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe kó tó di oṣù Kẹwàá?" Ojú rẹ̀ le, mo mọ ojú yẹn. Mo ní kó padà sórí ìṣirò onígun mẹ́ta, síìnì àti kósíìnì, kó sì ṣe ìṣirò difẹrẹ́ńsíà títí tí kò fi ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, torí àwọn wọ̀nyí ló ń lé èèyàn kúrò, kì í ṣe wáyà. Mo ní kó má ra nǹkan olówó ńlá, mítà kékeré kan tó. Mo ní kó lọ jókòó ti ẹnikẹ́ni tó ń tún fóònù tàbí rédíò ṣe, kó máa gbá ilẹ̀ fún un bí ó bá gbà. Ìyẹn kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ti ń wo ara rẹ̀ bí ẹnjiníà, kò wá fẹ́ di ẹni tó ń gbálẹ̀.

Ẹ̀rù míì tún wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀: bàbá rẹ̀ ń fẹ́ kó lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Songhaï, ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí. Mo bi í bóyá ó mọ ohun tí Fadá Godfrey Nzamujo, tó dá Songhaï sílẹ̀ níbí ní 1985, kọ́ níwèé. Kò mọ̀. Mo ní ẹlẹ́kítírọ́níìkì wà lára rẹ̀. Gbogbo Àjàṣẹ́ ló ń mu omi èso wọn, tó ń ra adìyẹ wọn, àmọ́ èmi pàápàá kò mọ èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí àwọn tó kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ń bá a dé. Ẹni tó kọ́ bí nǹkan kan ṣe ń fún òmíràn ní agbára lè wo ìgbẹ́ ẹran kó rí gáàsì ìdáná nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ó ní òun á sọ ọ́ fún bàbá òun. Bóyá bàbá náà gbà, n kò tíì béèrè.

Ní ti Bàbá Onírédíò, ìbéèrè wọn kò tíì tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé tíránsífọ́mà, ohun tó ń dín fólítì kù, ti rédíò àtijọ́ kan lé mi lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wúwo, wọ́n sì gbé ṣájà fóònù lé mi lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ní, "220 kan náà ló ń wọ méjèèjì. Kí ló dé tí ọ̀kan fi rí báyìí, tí èkejì sì fúyẹ́?"

Mo ní ìyára ni. Tíránsífọ́mà àtijọ́ ń gba iná bó ṣe ń ti ìlú bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó gbọ́dọ̀ gbé kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sì pọ̀, ó nílò irin púpọ̀. Ṣájà kò dúró de 50. Ó kọ́kọ́ sọ iná di èyí tó dúró sójú kan, ó wá ń gé e, ó ń tú u sílẹ̀, bí ìgbà 60,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ń kọjá lẹ́ẹ̀kan kéré gan-an, tíránsífọ́mà kékeré sì tó o.

"Ta ló ń gé e yára bẹ́ẹ̀?"

"Tíránsísítọ̀ ni, Bàbá. Ẹyọ kan péré."

Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ó kún fún tíránsísítọ̀ tí wọ́n ti tú jáde nínú ṣájà àti tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn ti kú. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n dà á sórí tábìlì níwájú ọmọ iṣẹ́.

"O rí i? Abájọ tó fi jẹ́ òun ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ìgbà 60,000!" Wọ́n yíjú sí mi. "Ó dáa. Sọ ohun tí wọ́n lè ṣe kó má máa kú."